Obìnrin Inú Ọkọ̀ Mi Kì í Kí Màmá

Ìjà kan wà láàárín màmá mi àti ọkọ̀ mi. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ìjà gidi ni, ó pẹ́, èmi tí mo wà láàárín wọn kò sì rí i parí.

Tube ni wọ́n bí mi sí, ní ẹnubodè, níbi tí èèyàn ti lè jẹ oúnjẹ àárọ̀ ní Nàìjíríà kó sì lọ jẹ ti ọ̀sán ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ láìṣe pé ó rin ìrìn àjò. Òwò gàrí ni Màmá ń ṣe. Wọ́n á ra gàrí ní Ìpókíá, wọ́n á dì í sẹ́yìn ọ̀kadà, wọ́n á sọdá sí ìhà kejì lọ tà á. Faransé tí wọ́n gbọ́ kò ju ti ọjà lọ: bí a ṣe ń kíni, bí a ṣe ń ná ọjà, àti bí a ṣe ń darí ọlọ́kadà. "À dúrúwàtì" ni ọ̀tún, "à góṣì" ni òsì. Bí ọlọ́kadà bá fẹ́ gba ibi tí kò yẹ, Màmá á gbá a léjìká, wọ́n á ní, "À góṣì, mo ní à góṣì, àbí etí rẹ di ni?" Èmi tí wọ́n gbé sáàárín àpò gàrí àti ẹ̀yìn ọlọ́kadà, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ Faransé tèmi.

Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ilẹ̀ Faransé kò ní ṣòro fún mi. Mo ní ẹni tó ti mọ ọ̀tún mọ òsì, kí ló kù? Ẹ wo ìwà òmùgọ̀.

Ọjọ́ kejì tí mo dé, mo wọ bọ́ọ̀sì, mo sì ń kí wọn. Mo ní bọ̀ńjúù sí ọ̀tún, mo ní bọ̀ńjúù sí òsì, títí mo fi dé àga ẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Obìnrin kan fa báàgì rẹ̀ mọ́ra. Bàbá àgbàlagbà kan wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ tọrọ nǹkan. Mo jókòó, ojú ń tì mí, mo sì ń bi ara mi pé kí ni mo ṣe. Ní Tube, bí o bá kọjá lára àgbàlagbà láìkí i, ìròyìn á ti délé ṣáájú rẹ, Màmá á sì ti dúró dè ọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Níbí, èmi tí mo kí wọn ni mo jẹ̀bi.

Mo fọ abọ́ ní òtẹ́ẹ̀lì fún ìgbà pípẹ́. Yàrá kan ni mo ń gbé, ẹni tó ń gbé ní ìdojúkọ mi sì wà níbẹ̀ kí n tó dé. Ohùn ilẹ̀kùn rẹ̀ ni mo mọ̀, n kò mọ ohùn òun fúnra rẹ̀. Ìgbà kan ibà dá mi dùbúlẹ̀, mo wà nínú yàrá yẹn títí ara mi fi yá, nígbà tí mo jáde kò sẹ́ni tó mọ̀ pé n kò jáde láti ọjọ́ yìí wá. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo sunkún. Kì í ṣe nítorí ibà. Nílé, ìkíni ni èèyàn fi ń mọ̀ pé òun ṣì wà láyé: ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìdúró, kódà bí o bá kàn dúró lásán, wọ́n á kí ọ fún un. Bí gbogbo ìyẹn bá wá dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara rẹ̀ nínú dígí.

Nígbà tí iṣẹ́ gbé mi lọ sí ẹ̀yìn ìlú tí bọ́ọ̀sì kì í dé, mo ra ọkọ̀ àlòkù kan. Ojú síkírínì kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ṣe mọ́ ọn láti ilé iṣẹ́, máàpù ló wà nínú rẹ̀, obìnrin kan sì ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ó ń júwe ọ̀nà. Ohùn rẹ̀ mọ́ gaara. Kì í kánjú, kì í bínú, bí mo bá ṣìnà á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí n má purọ́, òun ni ẹni àkọ́kọ́ nílùú yẹn tó ń bá mi sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Màmá pè mí nígbà tí mo wà lọ́nà. Mo ti so fóònù mọ́ ọkọ̀, ohùn wọn ń jáde láti inú sípíkà. Wọ́n ń bi mí bóyá mo ti jẹun ni obìnrin yẹn bá bọ́ sí i, ó ní kí n yà à dúrúwàtì.

Màmá ní, "Ta nìyẹn?"

"Ẹ̀rọ ni, Màmá. Ẹ̀rọ tó ń júwe ọ̀nà ni."

"Ẹ̀rọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ẹ̀rọ wo ló ń sọ fún èèyàn pé kó yà à dúrúwàtì? O rò pé mo ti gbàgbé Faransé ni?"

Mo ń ṣàlàyé lọ, obìnrin náà kò jẹ́ kí n gbádùn. Ó tún ní à góṣì. Màmá mí kanlẹ̀.

"Gbọ́ mi," ni wọ́n wí. "N kò bínú pé o fẹ́ ẹ. Bí ó bá jẹ́ Ègùn, bí ó bá jẹ́ òyìnbó pọ́ńbélé, kò kàn mí. Ohun tó dùn mí ni pé ó gbọ́ ohùn mi, ó mọ̀ pé ìyá ọkọ òun ni, ó ń bá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ. Kò kí mi."

Mo ya àwòrán síkírínì náà, mo fi ránṣẹ́ sí Rìsíkátù, àbúrò mi obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ Màmá. Òun ló fi hàn wọ́n. Ó pè mí padà, ẹ̀rín kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní àwọn rí máàpù. Wọ́n ní obìnrin náà ńkọ́, pé ẹ ò ya ìhà ibi tó jókòó sí."

"O ò ṣàlàyé fún wọn?"

"Mo ṣàlàyé títí ẹnu mi fi bó. Wọ́n ní mo ti gba rìbá lọ́wọ́ yín."

Láti ọjọ́ náà, Màmá ní ìyàwó kan nílùú òyìnbó. Wọ́n ń ròyìn rẹ̀ fún àwọn ará àdúgbò. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ ni, ó mọ̀nà, kì í rẹ́rìn-ín, ó sì ń darí ọmọ àwọn bí ìgbà tí èèyàn ń darí ọlọ́kadà. Wọ́n ń fi í yangàn, inú sì ń bí wọn sí i. Ìgbàkígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ tí ohùn yẹn bá wọlé, Màmá á dúró díẹ̀, kí wọ́n lè fún un láyè láti kí àwọn. Mo ń gbọ́ ìdákẹ́ yẹn. Lẹ́yìn náà wọ́n á ní, "Ó dáa," wọ́n á sì bọ́ sí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Mo kọ́ṣẹ́ ríwáyà ní Ìlaròó kí n tó kúrò nílé, iná ọkọ̀ ni mo mọ̀ ọ́n tún ṣe. Nígbà tó yá, mo rí iṣẹ́ lọ́dọ̀ ará Mòrókò kan tó ní ṣọ́ọ̀bù. Ìdìrís ni orúkọ rẹ̀, èmi ń pè é ní Ìdírísù bí a ṣe ń pè é nílé, ó sì ń jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ tí ọwọ́ wa máa ń dí sí jù ni fífi fídíò kún irú síkírínì yẹn. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ ti dí i, máàpù àti rédíò nìkan ló ń gbé jáde. Oníbàárà á wá, á ní òun fẹ́ máa wo fíìmù òun níbẹ̀ bí òun bá ń dúró de ọmọ níwájú ilé ìwé. A óò rọra yọ ike iwájú ọkọ̀, a óò fa síkírínì jáde, a óò ki àpótí kékeré kan bọ àárín wáyà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, a óò sì da gbogbo rẹ̀ padà bí ẹni pé ọwọ́ kò kàn án. Òfin kan ni Ìdírísù ní tí kì í yí: bí táyà bá ti ń yí, àwòrán gbọ́dọ̀ kúrò, ohùn nìkan ni kó kù. Oníbàárà tó bá ní àfi kí òun máa wò ó lórí ìrìn, á fi ọ̀nà ìta hàn án.

Ayọ̀ díẹ̀ tí mo ní nílùú yẹn, ibẹ̀ ló ti wá. Mo kọ́ Ìdírísù ní "ẹ kú iṣẹ́." Kò mọ ìgbà tó yẹ kó sọ ọ́. Á wọlé láàárọ̀ tí a kò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan, á ní ẹ kú iṣẹ́. Bí mo bá ń jẹun, ẹ kú iṣẹ́. Bí mo bá ń lọ sílé, ẹ kú iṣẹ́. N kò tún un ṣe fún un. Ó ti pẹ́ jù tí mo ti ń wá ẹni tó máa kí mi.

Àìsàn Màmá bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ wú, lẹ́yìn náà èémí ń kúrú. Dókítà ní Ìlaròó sọ pé ọkàn wọn ló ti rẹ̀, kí wọ́n má gbé ẹrù mọ́. Ìwé ìgbélùú mi ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí mo bá fẹsẹ̀ kúrò, wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé padà, èmi sì ni mo ń ra oògùn. Màmá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọn kò fìgbà kan bi mí pé ìgbà wo ni mo ń bọ̀. Ìgbà tí ìyàwó mi máa kí àwọn ni wọ́n ń bi mí.

"Kò kúkú pọ̀," ni wọ́n sọ. "Kó ṣáà ní ẹ kú àárọ̀. Bó bá fi Faransé sọ ọ́, mo gbọ́. N kò fẹ́ kú kí ìyàwó ọmọ mi má tíì kí mi."

Mo bi Ìdírísù bóyá a lè kọ́ ohùn yẹn ní gbólóhùn kan péré. Ó wò mí dáadáa, ó sì rí i pé n kò ṣeré. Ó ní ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ló kó ọ̀rọ̀ sí obìnrin náà lẹ́nu, ọwọ́ wa kò tó o. Àwòrán la lè fi kún un. Ọ̀rọ̀, rárá.

Àárín ìgbà yẹn ni Màmá ní kí Rìsíkátù ya àwọn ní fídíò. Wọ́n jókòó lórí ẹní, wọ́n wọ ìborùn funfun, ojú wọn ti wú díẹ̀. Èmi kọ́ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

"Ìyàwó, èmi ni ìyá ọkọ rẹ. Ọmọ yìí kì í jẹ ata púpọ̀. Bó bá dákẹ́, ebi ló ń pa á, má rò pé ó ń bínú. Bí òtútù bá mú un, àyà rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ bò." Wọ́n wá yíjú. "Rìsíkátù, sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé kó má fi hàn án nínú fóònù o. Kó gbé e síwájú rẹ̀ gan-an, níbi tó jókòó sí."

Kí ni mo fẹ́ ṣe? Ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn tí a ti ti ṣọ́ọ̀bù, mo tú iwájú ọkọ̀ mi. Ìdírísù bá mi tan tọ́ọ̀ṣì, kò béèrè nǹkan kan. Mo fi àpótí sí i, mo so wáyà, mo dá síkírínì padà, mo sì gbé Màmá sí ojú rẹ̀. Wọ́n tóbi ju ti fóònù lọ. Mo rí ilà wọn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo rí àyè eyín tí wọ́n ti yọ tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi. Mo fi hàn án tán, mo wa ọkọ̀ lọ sílé, omi ojú kò jẹ́ kí n rí ọ̀nà, mo kọjá ibi tó yẹ kí n yà. Obìnrin náà sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kejì Màmá pè. "Ṣé o ti fi hàn án?"

"Mo ti fi hàn án, mà."

"Níwájú rẹ̀ gan-an?"

"Níwájú rẹ̀ gan-an."

"Kí ló wí?"

N kò lè parọ́ fún wọn. "Ó ní kí n yí padà."

"Kí o yí padà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Wálé?"

Mo mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ nílẹ̀, mo tún gbé e sílẹ̀.

"Áà," ni Màmá wí, ohùn wọn rọ̀. "Ọmọ gidi ni, àṣé. Ó ti ń sọ fún ọ, ìwọ ni o ò gbọ́."

Láti ìgbà náà, wọn kò pè é ní aláìlẹ́kọ̀ọ́ mọ́. Wọ́n ní bóyá ojú ló ń tì í. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń dúró de ìkíni, èémí sì túbọ̀ ń kúrú. Rìsíkátù bẹ̀ mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá obìnrin kan, obìnrin yòówù, kó ṣáà kí wọn. Ẹ jẹ́ kí ọkàn wọn balẹ̀."

Mo mọ Sàlámátù, ọmọ Ayétòrò, tí a jọ máa ń pàdé ní mọ́ṣáláṣí. Mo ro ẹjọ́ fún un. Ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó nu ojú, ó ní òun á ṣe é nítorí ìyá òun. Nígbà tí a pe Màmá, ó kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì mi bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń rí i.

"Ẹ kú ilé, mà. Ara yín ńkọ́? Ìyàwó yín ni, mà."

Màmá fetí sílẹ̀. "O ṣeun, ọmọ mi. Ọmọ ibo ni ọ́?"

"Ayétòrò, mà."

"Wọ́n kọ́ ọ nílé, Ọlọ́run á ṣe ọ́ lóore. Ṣùgbọ́n ìwọ kọ́." Wọ́n pe orúkọ mi. "Mo mọ ohùn ìyàwó mi. Obìnrin tó ń ní kí o wálé, òun ni o fẹ́ fẹ́ èkejì lé lórí, tí o tún ń mú èkejì náà wá kí mi lẹ́yìn rẹ̀? Kò kí mi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òun ni mo mọ̀."

Sàlámátù dìde, ó gbọn orúnkún rẹ̀. "Bọ̀dá," ló wí, "wọ́n ti kọ̀ mí sílẹ̀ fún mọ́tò." A rẹ́rìn-ín títí, títí ẹ̀rín náà fi di nǹkan mìíràn lójú àwa méjèèjì.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni Rìsíkátù pè mí sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kí n jókòó. Mo ní mo ti jókòó, kò sì rí bẹ́ẹ̀, orí ìdúró ni mo wà. Màmá ti lọ láàárọ̀, wọ́n ti kírun sí wọn lára lẹ́yìn Jímọ̀, wọ́n ti sin wọ́n. Bí ìsìnkú wa ṣe rí nìyẹn, kì í dúró de ẹnikẹ́ni, ká má tilẹ̀ sọ ti ẹni tó wà ní òkè òkun. Àwọn èèyàn ti kún agboolé nílé, wọ́n ń kí Rìsíkátù ní ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú àmúmọ́ra, wọ́n ń kí i bí ẹni ń fọwọ́ gbé e dìde. Èmi dúró láàárín ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Ìdírísù rí ojú mi, ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó sì di ọwọ́ mi méjèèjì mú. Ó ń wá ohun tó máa sọ.

"Ẹ kú iṣẹ́," ló wí. "Ẹ kú iṣẹ́."

N kò tíì gba ìkíni tó wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Fídíò kan kù tí Rìsíkátù kò tíì rí fi ránṣẹ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì Tube kò dára lọ́sẹ̀ yẹn. Ó wọlé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo wà nínú ọkọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù. Mo gbé e sí ojú síkírínì, nítorí mo mọ ẹni tí wọ́n rán an sí. Màmá dùbúlẹ̀, wọ́n fi ìrọ̀rí gbé wọn lórí.

"Ìyàwó," ni wọ́n wí, "ẹ kú àárọ̀."

Màmá mi, tí kì í kí ọmọdé ṣáájú, tí ọmọdé tó bá gbàgbé láti kí wọn á mọ̀ ọ́n lára. Wọ́n kí i. Wọ́n tilẹ̀ fi "ẹ" kí i.

"Mo ti ń retí pé kí o kí mi, o ò kí mi. Kò burú. Èmi àgbà ti kí ọ, ó ti parí. Èmi ni mo bí ọmọ yìí o, ṣùgbọ́n n kò mọ̀nà ibi tó wà. Bí ó bá sùn síta, n kò mọ ẹni tí mo máa bi. Ìwọ lo mọ̀nà. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè é, mo ń gbọ́ tí o ń sọ fún un pé kó yà síbí, kó yà sọ́hùn-ún, ọkàn mi sì ń balẹ̀. N kò sọ fún ọ rí. Mo fà á lé ọ lọ́wọ́."

Fídíò náà kò tíì tán, ṣùgbọ́n ẹnìkan ń fọn fèrè lẹ́yìn mi, mo dí ọ̀nà. Mo ṣíná sí ọkọ̀. Bí táyà ṣe yí, ojú Màmá lọ, máàpù dé, ohùn wọn sì kù. Wọ́n ń ṣàdúrà, wọ́n ń pe orúkọ mi. Ọ̀nà ilé mi ni mo gbà, ọ̀nà tí mo mọ̀ dáadáa, tí mo sì ní ọ̀nà àbùjá rẹ̀ tí n kò nílò ẹ̀rọ kankan láti mọ̀. Kí n tó dé ibi àbùjá náà, obìnrin yẹn fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ náà, bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ rẹ gbogbo ohùn yòókù sílẹ̀. Ó rẹ Màmá sílẹ̀.

Màmá dákẹ́ fún un. Ó ní kí n máa lọ tààrà, kí n má yà, mo sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu.